Stool 60 ti Aalto: Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Ilẹ̀

Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì nítorí ilẹ̀. Mo ní láti fi ìyẹn ṣáájú, torí ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin kan sọ sí mi ní ilé ìtajà àlòkù kan ní Helsinki ṣì ń bí mi nínú. Mo gbé Stool 60, àga onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ní ẹ̀yìn, tí mo rà lọ́wọ́ wọn, padà lọ́jọ́ kejì pé ó ń mì. Ó ní, “Ilẹ̀ ilé yín ni kò tẹ́jú.” Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ rí gbágungbàgun! E60, ẹ̀dà rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, lè mì nítorí ilẹ̀. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bó bá mì, oríkèé rẹ̀ ló ti dẹ̀.

Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí káńtà, mo di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, mo jì í. Méjì dúró gbọin. Ìkẹta ń jó. Sìkúrúù rẹ̀ ń yí lórí òfo, torí ẹ̀rọ ni wọ́n fi dè é, ẹ̀rọ náà sì ti jẹ igi inú ihò. Ọmọkùnrin náà bá mú sìkúrúù tó gùn jùyẹn lọ wá. Mo ní kó dá a padà: èyí tó gùn á yọ orí síbi tí èèyàn ń jókòó.

Ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Alvar Aalto, ayàwòrán ilé ará Finland, àti Otto Korhonen, tó ní ilé iṣẹ́ àga ní Turku níbẹ̀, ni wọ́n jọ dán an wò títí ó fi bọ́ sí i. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń tẹ páìpù irin ṣe àga, igi birch ni àwọn méjì yìí ń tẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n á fi ayùn la orí igi náà bí eyín òòyà, wọ́n á ki igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ní gúlúù lára sínú àlàfo kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ títí á fi ká bí igun ògiri. Ẹ wo ibi tó ti ká, ẹ ó rí ìlà wọn. Láti 1933 ni àga yìí ti wà. Kò ní férémù kankan. Sìkúrúù nìkan ló so ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣeé tò léra, ìdí nìyẹn náà tí ìdè tí kò dáa fi ń bà á jẹ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan jáde láti ẹ̀yìn, kò bá mi jiyàn rárá. Ó tú sìkúrúù, ó gé èèrún birch, ó rì í sínú gúlúù, ó gbá a wọ inú ihò, ó sì gé e dọ́gba. Ó ní kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ó fi òòlu lu ihò kékeré, ó fi ọwọ́ yí gbogbo sìkúrúù wọlé díẹ̀díẹ̀ kó tó fún èyíkéyìí pa, ó sì dáwọ́ dúró ní gẹ́lẹ́ tí igi dì í mú. Kò gba kọ́bọ̀. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fi sáńpépà kàn án: àwọ̀ oyin tó wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi ju àga náà lọ.

Wọn kò dá owó ọkọ̀ mi padà, ọmọkùnrin yẹn kò sì tọrọ àforíjì títí mo fi lọ.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5.