Ìrìn Henry Street tí mo sanwó fún: Lillian Wald gba máàkì, àwọn tó mú wa kiri ni ò gbà á

Kí n tètè sọ ọ́ kó tó bọ́ lẹ́nu mi: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, méjì nínú mẹ́ta yẹn dẹ̀ jẹ́ ti Lillian Wald, nọ́ọ̀sì kan tó ti kú láti 1940, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì tó gbowó wa.

Nọ́ọ̀sì ni mí, irú èyí tó ń lọ bá aláìsàn nílé, Bronx níbí, ó ti lé lọ́dún 11. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní Ìyá Tóbi, ṣé o mọ̀ pé obìnrin Júù kan, Wald yìí, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan tá à ń ṣe yìí nílùú New York, mo ní irọ́ ni. Ló bá fi línkì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: wákàtí méjì, ẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ rìn káàkiri Lower East Side, àdúgbò tí Wald ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan á máa ṣàlàyé fún yín, dọ́là 35. Orúkọ kọ́ńpìnnì náà, ẹ má bi mí, mi ò fẹ́ ẹjọ́.

Seward Park la ti pàdé láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé. Ibẹ̀ gan-an ti jẹ́ ara ìtàn yẹn o, torí Wald wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba wá ibi tí ọmọ aláìní á ti máa ṣeré kí wọ́n yéé kú sójú títì, nígbà tó di 1903 wọ́n kọ́ ibi ìṣeré síbẹ̀. Èmi ti débẹ̀ ní mẹ́wàá ku ogún (ẹni tó bá mọ tíréènì F ní wíkẹ́ńdì ò ní bi mí ìdí), ẹni tó fẹ́ mú wa kiri wá fi ìṣẹ́jú 25 pẹ́. Ó lẹ́nu dáadáa, mi ò parọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n àwa 28 ni wọ́n kó lé e lórí, nǹkan tí wọ́n kì bọ̀ wá létí sì ń hó bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ kú, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo ń gbọ́, ìdajì yòókù mò ń wo ẹnu ẹ̀. Sátidé tún ni wọ́n mú, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a máa yà ti tì gbọin. Ta ló ṣètò irú ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn fúnra ẹ̀, há! Ọmọ olówó ni Wald, àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ Júù tí ìdílé wọn wá láti Yúróòpù, Cincinnati ni wọ́n bí i sí ní 1867, ìlú Rochester ló dàgbà sí, kò sóhun tó ń wá kiri. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wá ń kọ́ àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nílé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta 1893, òjò ń rọ̀ wínníwínní, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kọ́ wọn lọ́wọ́, ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, ó ní kó wá wo ìyá òun. Ó tẹ̀ lé ọmọ náà gba inú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí lọ, wọ́n gun àtẹ̀gùn, ó bá èèyàn méje nínú yàrá méjì, wọ́n tún gba ayálégbé mọ́ra, ìyá ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ tó ti dà láti ọjọ́ méjì wà lábẹ́ ẹ̀. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ o! Àwọn tó kù ń ya fọ́tò ilé, èmi dúró sójú kan, torí mo ti wọ irú yàrá yẹn rí, kì í dẹ̀ ṣe ní 1893.

Wald ò padà sílé lọ máa sọ̀rọ̀ àánú. Òun àti nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ẹ̀, Mary Brewster, kó wá síbẹ̀ wá máa gbé láàárín àwọn aláìsàn. Ní 1895 Jacob Schiff, olówó báǹkì, Júù lòun náà, ra ilé 265 Henry Street fún wọn. Nǹkan bí ogójì ọdún ni Wald fi darí ibẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé kò sọ pé Júù nìkan, kò dẹ̀ sọ pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí nọ́ọ̀sì tó wá, ẹnikẹ́ni tó bá ránṣẹ́ wọ́n á lọ, tó o bá lówó o san táṣẹ́rẹ́, tí o ò bá ní o ò san. Lónìí kí n tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, fọ́ọ̀mù bíi mẹ́rin, inṣọ́ránsì á ní òun ò tíì fọwọ́ sí i, aláìsàn á ti padà sọ́sípítù. Nígbà tó di 1913 wọ́n ti tó nọ́ọ̀sì 92, wọ́n ń lọ sílé àwọn èèyàn nígbà 200,000 lọ́dún. Ní 1902 ni Wald fi nọ́ọ̀sì ẹ̀ kan, Lina Rogers, sí ilé ìwé mẹ́rin fún oṣù kan péré láti fi dán an wò, torí àwọn ọmọ tí ojú ń dùn àti àwọn tó ní làpálàpá, wọ́n kàn ń lé wọn lọ sílé ni, wọn ò ní tọ́jú wọn. Lẹ́yìn oṣù yẹn ìjọba ìlú gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́.

Wàyí o, ibi tí inú ti bí mi. A dúró níwájú ilé Forward, ilé gogoro tí ìwé ìròyìn àwọn Júù kọ́ sí East Broadway, ọmọ yìí fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko sọ iye tí wọ́n ń ta fúláàtì inú ẹ̀ báyìí. Nígbà tó kan Elizabeth Tyler, gbólóhùn kan! Tyler ni nọ́ọ̀sì dúdú àkọ́kọ́ tí Wald gbà, 1906, ó lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn èèyàn dúdú ní San Juan Hill, níbi tí Lincoln Center wà lónìí, nígbà tí kò rí aláìsàn ńṣe ló ń bá àwọn tó ń tọ́jú ilé sọ̀rọ̀, pé ta ló ń ṣàìsàn lókè. Ilé ni mo ti wá ka ìyẹn, lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán. Àwa obìnrin dúdú mẹ́ta la wà níbẹ̀ o, nọ́ọ̀sì dẹ̀ ni wá méjèèjì tá a jọ wá, kò tiẹ̀ bi wá.

Ọmọ yìí ṣàlàyé ti 1909 dáadáa ṣá, mo gbé e fún un. Dúdú àti funfun fẹ́ ṣe àpérò lórí ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú, W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé dúdú yẹn, wà níbẹ̀, àpérò yẹn ló bí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n á ti jọ jẹun nílùú di wàhálà, Wald bá ṣí yàrá ìjẹun ilé ẹ̀ fún wọn.

A ò wọ inú ilé Henry Street náà. Fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ó tán. Ọjọ́ tí mo ní òfì ni mo fẹsẹ̀ ara mi padà, àfihàn wà nínú ilé náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbọ́, ọ̀fẹ́! Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wá fọ́tò nọ́ọ̀sì orí òrùlé: yẹ̀rì gígùn, báàgì lọ́wọ́, ó ń ré odi kọjá láti òrùlé ilé kan sí èkejì, torí kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, kàkà kó sọ̀ kalẹ̀ àjà márùn-ún kó tún gun márùn-ún míì, ó gba òkè. Mo wo báàgì yẹn títí, èjìká mi ló ń dùn mí.

Mo kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì pé kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó mi. Kúpọ́ọ̀nù dọ́là 10 ni wọ́n fi ránṣẹ́, fún ìrìn míì tí wọ́n ń ṣe. Ìrìn pízà ni.