Áàpù síríìsì tí mò ń sanwó fún: apá 8 péré, ó tán!

Oṣù kẹrìnlá rèé tí mo ti ń sanwó áàpù wíwo síríìsì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, àmọ́ mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀ torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ronú àtisanwó fún irú ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere, kì í há, èèyàn lè wa fíìmù sórí fóònù kó wò ó níbi tí ò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyẹn dáa, mo gbóríyìn fún wọn. Ibi tó ti ń dùn mí ni bí sísìn wọn, ìyẹn àwọn apá tí wọ́n ń kó jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣe kúrú tó.

Ẹ gbọ́ ná. Síríìsì tuntun kan wà tí wọ́n ń polówó ẹ̀ ṣáá, ìtàn ìdílé kan tí ọmọ wọn sọnù. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ Fúráìdé, nígbà tó fi máa di alẹ́ Sátidé mo ti wà ní apá 8. Ìyá ọmọ yẹn dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, à ń gbọ́ èémí ẹnì kan nínú yàrá, bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe ṣú nìyẹn. Mo gbá rìmóòtù mú, mò ń wá apá 9. Kò sí apá 9! Àpótí kékeré kan yọ ní igun ìsàlẹ̀, ó ń kà á bọ̀, 5, 4, 3, síríìsì míì tí mi ò béèrè ló fẹ́ gbé fún mi. Inú bí mi gan-an. Oṣù kọkànlá rèé, sísìn kejì ò tíì dé, wọn ò dẹ̀ sọ ìgbà tó ń bọ̀.

Ló bá di pé mo ń wádìí, ta gan-an ló ń pinnu pé apá 8 ni sísìn kan máa ní? Mo wá rí i pé owó ló ń pinnu ẹ̀ látilẹ̀wá, ibi tówó ń gbà wọlé ló kàn yí padà. Lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá Amẹ́ríkà láyé ìjọ́sí, apá 22 sí 24 ni sísìn kan, ní nǹkan bí ọdún 1955 ẹ máa rí èyí tó ní 39 pàápàá. Ìpolówó ọjà ló ń bọ́ wọn, nítorí náà wọ́n nílò nǹkan tí wọ́n á máa gbé jáde láti Sẹ̀tẹ́ńbà títí dé Méè, ní Nòfẹ́ńbà, Fẹ́búárì àti Méè ni wọ́n sì máa ń ka àwọn tó ń wò dáadáa kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ olówó ìpolówó, ìdí nìyẹn táwọn apá tó gbóná jù fi máa ń bọ́ sí oṣù mẹ́ta yẹn. Síríìsì tuntun, apá 13 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sanwó fún, tó bá tà, wọ́n á fi 9 kún un, ó di 22. Tó bá wá pé bíi 100, wọ́n lè tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ míì tí wọ́n á máa gbé e jáde lójoojúmọ́, torí tẹ́ ẹ bá ń gbé apá kan jáde lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 100 máa gbé yín fún odidi ogún ọ̀sẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí gígùn yẹn ṣe fún ìtàn. Síríìsì ilé ìwòsàn kan tó ti pẹ́ wà lórí áàpù yìí kan náà, apá 22 ni sísìn kọ̀ọ̀kan. Odidi apá kẹrìnlá dá lórí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lóru. A rí i tó ń fún ìgbálẹ̀ òwú, tó ń fetí sí aláìsàn tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, tó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Nínú síríìsì apá 8, obìnrin yẹn ò ní ṣe ju kó kọjá lẹ́yìn dókítà lọ.

Mi ò sọ pé kúkúrú ò dáa o. Apá 6 ló wọ́pọ̀ nílùú Ọba, ó sì lè jẹ́ ẹnì kan tàbí èèyàn méjì ló máa jókòó kọ gbogbo ẹ̀. Fawlty Towers, síríìsì apanilẹ́rìn-ín kan níbẹ̀, apá 12 ni gbogbo ẹ̀, 6 lọ́dún 1975, 6 lọ́dún 1979, ó ju ọdún mẹ́ta lọ láàárín, ṣùgbọ́n apá kọ̀ọ̀kan parí síbi tó yẹ kó parí. Ìyàtọ̀ ẹ̀ nìyẹn! Ẹni tó wò ó lọ́dún 1975 ò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kankan.

Èyí tá a ń sanwó fún lóṣooṣù yìí, kò sí àyè kankan tí wọ́n gbọ́dọ̀ dí lọ́sẹ̀. Nígbà tí Netflix gbé síríìsì House of Cards jáde lọ́dún 2013, apá 13 ló dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, látìgbà náà ọ̀pọ̀ ti já sí 10, ó já sí 8. Orúkọ tuntun ló ń mú èèyàn wá sanwó, kì í ṣe apá 19 ohun tí wọ́n ti ń wò tẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná sórí apá kan náà ti lọ sókè, òṣèré ńlá ò sì fẹ́ fi oṣù mẹ́sàn-án lọ́dún so ara ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kan. Àwọn òǹkọ̀wé náà jìyà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn, apá ni wọ́n fi ń ka owó wọn, apá ń dín kù, iṣẹ́ ò dín kù, ó wà lára ohun tó mú wọn yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 148 ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023.

Àwòrán, mo fún wọn ní márùn-ún nínú márùn-ún. Síríìsì tuntun, méjì. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀: kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, apá mélòó ni, ṣé ìtàn yìí parí àbí kò parí. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, kò tíì sí nǹkan míì. Mo ti dá owó dúró láti oṣù tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní áàpù yẹn lọ́wọ́, ẹ wá síríìsì ilé ìwòsàn yẹn rí, sísìn márààrún ló pé síbẹ̀, ẹ má fo apá kẹrìnlá.