The Blob (1958): ohun pupa tí kò lójú, tí kò lẹ́nu

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, kò sí èyí tí a kì í yà. Tí mo bá jókòó ti fíìmù, kì í ṣe ìtàn nìkan ni mò ń wò. Mò ń wá ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, mo sì ń ṣírò iye tí wọ́n ná. Bí mo ṣe dẹni tó ń kó fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́ jọ nìyẹn, àwọn tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960, tí nǹkan abàmì á máa já bọ́ láti ojú ọ̀run. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tí mo bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ṣùgbọ́n The Blob, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó láàárín oṣù kan.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Steve, àti Jane tó ń bá jáde, wà nínú mọ́tò lálẹ́, wọ́n rí nǹkan tó já láti òkè. Kí wọ́n tó débẹ̀, bàbá arúgbó kan ti ṣáájú wọn. Bàbá mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ń tọ́ òkúta náà, òkúta là sí méjì. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó mọ́ gaara, tó ń dán. Ó fi igi kó o, ó gbé e sókè kó lè rí i dáadáa. Nǹkan náà ń rọ̀ wá sísàlẹ̀, ó ń fà bí ilá. Àfi bó ṣe sún kì padà sókè, ó gba ara igi lọ, ó di bàbá lọ́wọ́ mú. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹni tó bá yí àwòrán sẹ́yìn lè ṣe irú ẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Síbẹ̀, mo gbá ọwọ́ ara mi mọ́ra.

Láti ìgbà náà lọ, bó bá ṣe ń jẹ èèyàn ló ń pupa, ló ń tóbi.

Tèmi ni pé àìlówó ló gba fíìmù yìí là. Nǹkan bíi dọ́là 110,000 ni wọ́n fi ṣe é, owó tí kò tó nǹkan lójú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá lówó a gbé aṣọ wọ èèyàn, a ní abàmì ni. Nínú Robot Monster ti ọdún 1953, aṣọ ìnàkí ni wọ́n gbé wọ ọkùnrin kan, tí wọ́n wá fi akoto dé e lórí. Nínú It Conquered the World ti 1956, ohun tó wá láti orí Venus rí bí òkìtì ọ̀gán tí wọ́n to eyín sí lára. Mo fẹ́ràn àwọn fíìmù wọ̀nyẹn, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ní kété tí abàmì wọn bá ti jáde sí gbangba, ẹ̀rù á tán, torí ojú yóò ti rí èèyàn tó ń làágùn nínú aṣọ.

The Blob kò ní aṣọ kankan. Sílíkónì ni wọ́n lò, wọ́n po àwọ̀ pupa mọ́ ọn. Kò lójú tí yóò fi wò wá, kò lẹ́nu tí yóò fi bú ramúramù, kò tiẹ̀ yára. Ó kàn ń bọ̀ ni. Nínú àlọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa, egbére ń sunkún, a sì mọ̀ pé ẹní ló gbé dání. Iwin lórúkọ, ó sì ṣeé bẹ̀. Èyí kò gba ìpẹ̀. Mo rò pé ìdí tó fi bà mí lẹ́rù ju gbogbo eléyín gígùn lọ nìyẹn.

Ojúlówó ọgbọ́n wà níbi tí nǹkan náà ti bo ilé oúnjẹ kan látòkè délẹ̀, tí Steve àti àwọn yòókù wà nínú rẹ̀. Fọ́tò ni ilé oúnjẹ yẹn! Wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ tábìlì kan tó ṣeé yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ tábìlì yẹn gan-an, wọ́n da sílíkónì lé fọ́tò. Bí wọ́n bá yí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kámẹ́rà náà yóò yí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà lójú wa, ilé kò mira, nǹkan pupa ló ń rìn. Tí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé òun àti ilé kò gún régé. Kò dùn mí rárá. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kí wọ́n wá wò ó.

Àwọn tó ṣe é náà yà mí lẹ́nu. Irvin S. Yeaworth Jr. tó darí rẹ̀, fíìmù ìjọ Ọlọ́run ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀ ní Chester Springs, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kí Jack H. Harris, tó ṣe agbátẹrù fíìmù náà, tó mú iṣẹ́ yìí wá bá wọn. Àwa tí fíìmù Mount Zion kó jìnnìjìnnì bá ní kékeré kò ní bèèrè bí ẹlẹ́sìn ṣe mọ ẹ̀rù í dá tó bẹ́ẹ̀.

Itòsí ilé wọn náà ni wọ́n ti yà á, ní Downingtown, ní Phoenixville. Ilé sinimá Colonial tí àwọn èèyàn ti ya jáde pẹ̀lú igbe nínú fíìmù ṣì wà ní Phoenixville. Ọdún 1903 ni wọ́n ṣí i. Lóṣù keje ọdọọdún, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blobfest, àwọn èrò á sì tún sá jáde bíi ti inú fíìmù. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Philadelphia bá wọn sá níjọ́sí. Ó ní òun pariwo débi pé ohùn òun há. Òun náà ló ra díìsì yìí fún mi.

Àléébù rẹ̀ ò pamọ́. Steve McQueen, tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn nígbà náà, ló ṣe Steve. Dọ́là 3,000 ni wọ́n san fún un. Ẹni ọdún 27 ni, wọ́n sì ní ká gbà á bí ọmọ ilé ìwé tí bàbá ń bá wí. Ojú mi ò gbà á. Àárín fíìmù tún falẹ̀: ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọkùnrin ń fi mọ́tò dárà, ọlọ́pàá tún ń sọ̀rọ̀. Èmi ì bá gé ìṣẹ́jú mẹ́wàá dànù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú fífalẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Steve fojú ara rẹ̀ rí dókítà láti ojú fèrèsé, tí nǹkan náà ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́, àgbà kan ò gbà á gbọ́. Òun àti Jane ló tún ṣe kòńgẹ́ ohun tí nǹkan náà ń sá fún, nígbà tí wọ́n há sínú yàrá yìnyín ilé ìtajà: ó yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òtútù lé e padà. Nígbẹ̀yìn, gbogbo ìlú ń wá ẹ̀rọ panápaná tó ń tu gáàsì tútù tí wọ́n ń pè ní CO2, ilé ìwé ló sì ní i lọ́pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́. Bàbá Jane, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú òkúta, ó fọ́ gíláàsì. Ó kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó jù ú. Ìdúró díẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo iná àti igbe inú fíìmù lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á: bíi ìṣẹ́jú 86 ni, aláwọ̀ ni, kò sí ẹ̀jẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wò ó bí àgbà bá wà nítòsí. Tí ẹ bá fẹ́ rí ìfun àti orí gígé, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń pín díìsì Blu-ray sí agbègbè-agbègbè, ẹ̀rọ agbègbè kan kì í sábà gba ti òmíràn: èyí tí wọ́n tẹ̀ fún Amẹ́ríkà jẹ́ agbègbè A, Nàìjíríà sì wà ní B. Ẹ̀rọ tèmi kọ̀ ọ́, mo ní láti yá ti ẹlòmíràn tó ń gba gbogbo agbègbè. Ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó. Díìsì náà ní ibi tí Yeaworth fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán bó ṣe ń lọ, ìyẹn nìkan sì tó owó tí wọ́n rà á fún alábọ́ọ́dé oníkámẹ́rà bíi tèmi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a tẹ fọ́tò iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, a fi okùn àti tépù de fóònù mọ́ pátákó náà. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré po sítáàṣì tó ki, ó da àwọ̀ pupa sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó bàjẹ́. Nígbà karùn-ún, a rọra yí pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sítáàṣì gba orí òrùlé wá, ó bo bọ́ọ̀dù tí orúkọ mi wà lára rẹ̀, ó ń lọ bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀ síbi ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù títí ó fi bò ó tán.