Wi-Fi lásán àbí rédíò tó ń pín ìgbà: èwo ni kí ẹ gbé sórí òpó?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra rédíò láti pín íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó kan sí ilé púpọ̀, mi ò ní ka iye Mbps, ìyẹn ìyára, tó wà lára páálí fún yín. Ohun tí páálí kì í sọ ni mo fẹ́ bá yín sọ: kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pọ̀?

Rédíò Wi-Fi lásán ń lo òfin ìsọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní CSMA/CA: ó máa ń tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, á mú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 15, á kà á sẹ́yìn dé òdo, á wá fọhùn. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, á mú nọ́ńbà mìíràn láàárín 0 sí 31, lẹ́yìn náà 63, títí dé 1023. Nínú yàrá, èyí dára gan-an, torí àwọn fóònù ń gbọ́ ara wọn.

Lórí òrùlé ńkọ́? Òpó ni áńtẹ́nà ilé kọ̀ọ̀kan dojú kọ, kò gbọ́ aládùúgbò rẹ̀ rárá. Ó rò pé ọ̀nà ṣófo, ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ọ̀rọ̀ wá fẹ́ di ti ALOHA, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rédíò àtijọ́ tí Norman Abramson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Hawaii, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971: sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ọ́, bí kò bá dé, tún un sọ. Ìṣirò fi hàn pé níbẹ̀, 18.4% àkókò ló lè wúlò, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iye yẹn kọ́ ló jẹ mí lówó. Àìdúróṣinṣin rẹ̀ ni. Bí ẹrù bá ti kọjá ibi tó lè gbé, ìkọlù ń bí àtúnsọ, àtúnsọ ń bí ìkọlù. Bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ sí i ni èyí tó ń dé ń dín kù. Ó lè má bọ̀ sípò títí àwọn èèyàn yóò fi lọ sùn.

Ilé mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ fà á sí n'Íbàdàn, gbogbo wọn ń yìn mí. Nígbà tí wọ́n di mọ́kànlá, bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ìpè ẹ̀sùn ló kù. Mo rò pé dátà ló kéré, mo sì san ìlọ́po méjì owó fún oṣù mẹ́ta. Kò yí ohunkóhun padà. Oníbàárà mẹ́ta ti já mi sílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló dí. RTS/CTS, tí rédíò fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ òpó, ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń tọrọ àyè náà lè kọlu ara wọn.

Èkejì ni rédíò tó ń pín ìgbà, tí wọ́n ń pè ní TDMA, irú airMAX ti ilé iṣẹ́ Ubiquiti àti Nv2 ti ilé iṣẹ́ MikroTik. Òpó ló ń pín ìgbà, kálukú á dúró de tirẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀, gbogbo ilé á falẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dojú dé.

Ìdáhùn kíákíá nígbà tí ilé ò pọ̀: Wi-Fi lásán ló yá jù.

Àdàlù: airMAX àti Nv2 ò gbọ́ èdè ara wọn, fóònù ò sì lè wọlé sí wọn tààrà.

Ariwo láti òpó ẹlòmíràn: ó ń dààmú àwọn méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ilé méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹ ò sì ní fi kún un láéláé, Wi-Fi lásán tó yín. Bí ẹ bá ń retí oníbàárà kẹrin, rédíò MikroTik púpọ̀ wà tó lè lo 802.11 (ìyẹn Wi-Fi lásán) tàbí Nv2, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Irú wọn ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé máa fi fídíò ránṣẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ṣe é ní aago mẹ́jọ alẹ́.