RTL-SDR: ohun kékeré tó jẹ́ kí n fojú ara mi rí fésì

₦65,000 ni mo ra RTL-SDR yìí, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì rédíò fún kọ̀ǹpútà, eríàlì kékeré méjì sì bá a wá nínú páálí. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, irin ni wọ́n fi bò ó, ojú USB kọ̀ǹpútà la sì ń kì í bọ̀. Ó ti pé oṣù márùn-ún tó ti wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé ó là mí lóye lórí phase modulation, ìyẹn fífi ohùn yí fésì ìgbì rédíò, èyí tí àwa oní-rédíò ń pè ní PM, lẹ́yìn tí mo ti ka ìwé títí tí kò yé mi délẹ̀.

Bàámi ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ fésì, ìyẹn phase. Rẹdíòníìkì ni wọ́n, ní Èkótẹ̀dó n'Íbàdàn. Wọ́n á ní fésì mẹ́ta ló wà lórí òpó iná, ìgbà 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ wọn kì í dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á wá ní kí n wo ìyá méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bákan náà ni ọmọ odó méjèèjì ṣe ń yára, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì yẹn ni fésì.

Nínú PM, ohùn wa ló ń ti ọmọ odó kan síwájú díẹ̀, tó tún ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣáájú ìlù tó ti ń bá bọ̀, àfi kó yára díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ̀yìn, àfi kó rọra. Ìdí nìyẹn tí fésì kò fi lè yí kí frequency, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, má yí. Bí ohùn bá sì ṣe tín-ín-rín sí, bẹ́ẹ̀ ni títì àti fífà náà ṣe ń yá sí, tí frequency sì ń yẹ̀ sí i. Nínú FM, níbi tí ohùn ti ń yí frequency ní tààrà, bí ohùn ṣe ń pariwo tó nìkan ló ń sọ bí frequency á ṣe yẹ̀ tó. Nínú PM, bó ṣe tín-ín-rín tó náà ń dá sí i.

Mo mọ gbogbo èyí lórí. Mi ò tíì rí i ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù ló kù. Mo ṣí Gqrx, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohun tí RTL-SDR ń gbọ́ hàn. Mo yọ eríàlì rédíò ọwọ́ mi, èyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mo fi rẹ́sítọ̀ 50 ohm tó lè gba agbára rẹ̀ dípò, mo sì fi agbára náà sí èyí tó kéré jù lọ. Mo jẹ́ kí fóònù máa dún ní 700 Hz (ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), mo fa wáyà láti ojú íápíìsì rẹ̀ wọ ojú máìkì rédíò, pẹ̀lú kapásítọ̀ kan àti fólúùmù 10k tí mo tú lára rédíò àtijọ́ Bàámi. Mo tẹ bọ́tìnnì tí rédíò fi ń ránṣẹ́.

Òpó kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbì rédíò náà fúnra rẹ̀, ló dìde lójú kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń yí fólúùmù, òpó kéékèèké ń hù lọ́tùn-ún lósì, 700 Hz síra wọn, òpó àárín sì ń kúrú. Mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí òpó àárín fi pòórá, tó ku àwọn ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ibẹ̀ ni fésì ti ń yí dé 2.405 radian, bíi digírì 138. Mi ò fọwọ́ kan fólúùmù mọ́. Mo gbé ohùn fóònù lọ sí 1400 Hz. Àwọn ẹ̀gbẹ́ jìnnà síra wọn, àmọ́ àárín ṣì ṣófo. Ká ní FM ni, 2.405 yẹn ì bá ti já sí bíi 1.2, òpó àárín ì bá sì ti padà. Rédíò tí wọ́n kọ FM sí lójú, PM ló ń rán jáde!

Ohun tó fà á ni pé kí ohùn tó dé ibi tí wọ́n ti ń gbé e lé ìgbì, wọ́n ti fi 6 dB, ìyẹn bí ìlọ́po méjì, gbé e sókè nígbàkúùgbà tí frequency rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì. Mo yá rédíò ọkọ̀ kan tó ní ojú data oníhò mẹ́fà lẹ́yìn, mo fi í sí 9600, ìyẹn ìwọ̀n bí data ṣe ń yára, kí ohùn lè lọ tààrà láìgba ibẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe gbé e dé 1400 Hz báyìí, òpó àárín dìde padà. Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Láti ayé rédíò tó ń fi kírísítálì di frequency mú ni àṣà yìí ti wá. Kírísítálì kì í fẹ́ kéèyàn fa òun kúrò lójú kan, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń yí fésì, wọ́n á wá sọ frequency rẹ̀ di ìlọ́po: 12.0833 MHz lọ́nà 12 ni 145 MHz, yíyẹ̀ 400 Hz péré á sì di 4.8 kHz. Rédíò tó ń gbọ́ ló máa ń rẹ ohùn tín-ín-rín sílẹ̀ padà, ó sì ń rẹ ariwo híhó mọ́ ọn. Ẹ dán an wò nínú Gqrx: ẹ pa Tau, ìyẹn ohun tó ń rẹ ohùn tín-ín-rín sílẹ̀, ohùn á dún bí ẹni wà nínú agolo, ẹ fi sí 530, á tutù.

Ó ní àléébù o. 8-bit ni, ìyẹn ìpele 256 péré ló fi ń wọn ìgbì, rédíò tó bá sún mọ́ ọn jù á kún un lójú, á máa fi òpó tí kò sí hàn yín. Ẹ yọ eríàlì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dán ohun tí mo ṣe yìí wò. Ó máa ń gbóná, kò sì lè ránṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ló pilẹ̀ rẹ̀, ọdún 2012 ni aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di rédíò, nítorí náà Linux lè gbà pé tẹlifíṣọ̀n lẹ kì bọ̀ ọ́. Ẹ dá dvb_usb_rtl28xxu, ìyẹn ètò Linux tó ń sọ ọ́ di tẹlifíṣọ̀n, dúró kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ bi ọlọ́jà bóyá ó ní TCXO 1 ppm, ìyẹn kírísítálì tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹnì kan kò ní in, bó bá ti ń gbóná ni òpó ń rìn kúrò níwájú mi. Lórí 145 MHz, 1 ppm kò ju 145 Hz lọ.

Nígbà tí Bàámi wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣe é fún wọn láti 700 dé 1400. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n tún un ṣe.