Windows àti Office: láísẹ́ńsì wo lẹ fẹ́ rà?

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun á bá yín activate Windows (ìyẹn, fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́), ẹ wo ohun tó ti wà lára láptọ́ọ̀pù náà ná. Láti ayé Windows 8, ní 2012, ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń fi product key (àmì láísẹ́ńsì Windows) sínú mọ́dábọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà ló ti òkè òkun bọ̀ pẹ̀lú láísẹ́ńsì tòótọ́ nínú. Ẹni tó ń fi fíláàṣì kan ṣoṣo fi Windows sí gbogbo ọjà rẹ̀ kì í wo ìyẹn. Crack (ètò tó ń ṣí Windows láìsanwó) tó wà lórí fíláàṣì náà ló ń tẹ̀lé e wọlé. Ẹ̀yin á wá sanwó ohun tẹ́ ẹ ti ní.

Ẹ ṣí PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ èyí sí i:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Bó bá mú àmì 25 jáde, márùn-ún márùn-ún lọ́nà márùn-ún, láísẹ́ńsì yín nìyẹn. Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, kò sí nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yà Windows méjì ni Home àti Pro. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni pé key Home ló wà nínú bọ́ọ̀dù, Pro ni oníṣòwò fi sí i, Pro kò sì ní gba key Home. Ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, ẹ fi fíláàṣì 8GB gba Windows láti ojúlé Microsoft fúnra rẹ̀, kí ẹ tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Á ka key inú bọ́ọ̀dù, á sì fi Home sí i láìbi yín. Sítíkà Windows 7 tó wà nídìí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ṣí Windows 10 tàbí 11 mọ́. Microsoft ti ti ilẹ̀kùn yẹn ní September 2023.

OEM àti Retail

Key inú bọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n ń pè ní OEM. Bí bọ́ọ̀dù bá jó, láísẹ́ńsì bá a lọ. Retail, èyí tí ẹ fúnra yín rà lọ́tọ̀, wọ́n jù ú, àmọ́ ẹ lè gbé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn, bí kò bá ṣáà ti wà lórí méjì pọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rà á ni kí ẹ so ó mọ́ àkáǹtì Microsoft yín, kó má baà di wàhálà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Lójú tiwa, ẹni tó ń to désíkítọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ nìkan ni Retail tọ́ sí.

Volume, èyí tí wọ́n ń pè ní "lifetime"

Ti ilé iṣẹ́ ńlá àti yunifásítì ni. Windows á máa wá sáfà KMS wọn, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń fúnni láṣẹ, ní ọjọ́ méje méje. Bí ọjọ́ 180 bá pé tí kò rí i, àṣẹ tán. Sáfà náà kì í sì í fún Windows láṣẹ àfi bí kọ̀ǹpútà 25 bá ti béèrè. Ta ló ní kọ̀ǹpútà 25 nílé? Office Professional Plus olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó kiri, Microsoft kì í tà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Key MAK ilé iṣẹ́ kan (key kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) ló sábà máa ń jẹ́, iye ìgbà tó lè ṣiṣẹ́ sì ní òǹkà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún Office fi sí i, òǹkà lè ti pé.

Crack

Ẹ tẹ slmgr /xpr sínú PowerShell. Bó bá dá ọjọ́ tí àṣẹ máa tán láàárín oṣù mẹ́fà, tí láptọ́ọ̀pù náà kì í sì í ṣe ti ibi iṣẹ́ yín, KMS ayédèrú ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀. Crack mìíràn wà tó ń mú kó kọ "permanently activated", nítorí náà ẹ má fi èsì yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n á ní kí ẹ pa Defender, ètò ààbò Windows, kí crack náà tó lè wọlé, ohunkóhun tí wọ́n bá sì dì mọ́ ọn á bá a wọlé. Ní December 2021, ilé iṣẹ́ Red Canary tú àṣírí KMSPico ayédèrú kan (irú crack kan) tó gbé Cryptbot wọlé, èyí tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà inú bíráwúsà.

Àríyànjiyàn lórí lílo ètò kọ̀ǹpútà láìsanwó ti pẹ́: ní 1976 ni Bill Gates ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń da ètò rẹ̀ kọ láìsanwó. Òótọ́ ni pé iye tí wọ́n ń dá lé e ní dọ́là kò mọ owó oṣù wa. Òótọ́ sì ni pé ẹni tó sanwó gan-an ni activation ń yọ lẹ́nu; ẹni tó lo crack kì í rí ìdààmú ìyẹn. Àmọ́ òfin Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà kò fàyè gba fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀.

Office: rírà, owó oṣù, tàbí ọ̀fẹ́

Office 2024 ni ẹ máa san lẹ́ẹ̀kan fún kọ̀ǹpútà kan. Àtúnṣe ààbò rẹ̀ dé October 2029. Microsoft 365 Personal, tó jẹ́ olówó oṣù, ń gba ẹ̀rọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní àyè ìpamọ́ 1TB, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa rí íntánẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè. Tí owó bá tán, Word á ṣí, á tẹ̀ jáde, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọ nǹkan sí i. Personal àti Family kì í ṣe fún òwò; onílé ìtẹ̀wé, Home & Business 2024 ni kí ẹ béèrè.

LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ Office, kò ní key rárá. Lẹ́tà, CV àti ìwé owó, ó tó. Wàhálà rẹ̀ ni macro Excel (àṣẹ kéékèèké tí wọ́n kọ sínú fáìlì Excel), tí kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa, àti project akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ìwé rẹ̀ ń sún kúrò ní àyè rẹ̀: ẹ sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀.