Gíà tòkunbọ̀ àbí kí wọ́n tú ti ọkọ̀ yín ṣe? Ìfiwéra fún ẹni tí gíà ọkọ̀ ẹbí rẹ̀ ti kú

Ọkọ̀ oníjókòó méje là ń lò nílé wa, torí a pọ̀: ọmọ mẹ́rin, ìyá mi, èmi àti Ìyá Tólú. Ní ọdún 2022 nìkan, gíà ọkọ̀ náà kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ ni mo lọ rà ní Àráròmí, ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn. Nígbà kẹta, mo wọ́ ọkọ̀ lọ bá ẹni tó tú gíà palẹ̀, tó sì tún un tò. Èyí tó tò yẹn ló ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ títí di òní.

Bí gíà ọkọ̀ yín bá ti kú báyìí, tí àwọn kan ní kí ẹ lọ ra tòkunbọ̀, tí àwọn mìíràn ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Gíà ọ́tò ni mò ń sọ o. Ọ̀rọ̀ gíà mánúà yàtọ̀.

Owó

Ohun tí mo san nìyí. Tòkunbọ̀ àkọ́kọ́: ₦240,000 fún gíà, ₦45,000 owó iṣẹ́, ₦28,000 fún ọ́ìlì. Tòkunbọ̀ kejì: ₦260,000, ₦45,000 àti ₦30,000. Títú ṣe: ₦140,000 fún pílétì tuntun (àwọn àwo inú gíà tó ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ tó lọ), oil seal àti filter, ₦100,000 owó iṣẹ́, ₦36,000 fún ọ́ìlì, àti ₦60,000 fún radiétọ̀ tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má fi iye yìí lọ ná ọjà lónìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló ti gbówó lórí kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé owó ọ̀nà méjèèjì kò jìnnà síra, àti pé ₦45,000 owó iṣẹ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí gíà bá jáde lábẹ́ ọkọ̀ lẹ máa san án. Ẹni tó ta gíà lè gbà á padà lọ́wọ́ yín. Mi ò tíì rí mẹkáníìkì tó dá owó iṣẹ́ padà.

Ọjọ́

Tòkunbọ̀ ló borí níbí. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi dè é. Títú ṣe gba ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, torí pílétì tó bá a mu kò sí nílẹ̀ n'Ìbàdàn lásìkò yẹn, Ládipọ̀ l'Ékòó ni wọ́n ti bá wa rà á. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, máíkírà ni àwọn ọmọ ń wọ̀ láti Àpáta lọ sí ilé-ìwé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó pa gíà àkọ́kọ́

Ibi tí owó mi ti ṣòfò nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ní oṣù kejì, à ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Ó ti fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn kí Tólú tó bọ́ sílẹ̀ fi òkúta dá táyà dúró. Mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú ọkọ̀ nígbà náà fi ẹ̀rọ scan yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí P0730, ìyẹn ni pé bí gíà ṣe ń yí kò bá ohun tí brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ń retí mu. Ó ní gíà ti lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tó pa á, èmi náà kò béèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní Gate.

Gíà tí a rà mọ́ tónítóní. Ẹni tó tà á fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára, ó fún wa ní ọjọ́ méje ká fi dán an wò. Ọjọ́ méje pé, kò sí ìṣòro kankan. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, à ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ṣàgámù, gíà yẹn já wa sílẹ̀ ní Ògèrè lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó máa wọ́ wa tó dé. Owó ìyẹn kò sí lára iye tí mo kọ sókè. Inú bí mi sí ẹni tó ta gíà fún wa. Mo yí mẹkáníìkì padà, mo yí ṣọ́ọ̀bù padà, mo ra òmíràn. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò.

Bàbá kan wà lọ́nà Mọ́níyà tó jẹ́ pé gíà nìkan ló ń ṣe. Nígbà tí a wọ́ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fa géèjì ọ́ìlì gíà yọ, ó nù ún sórí bébà funfun, ó ní, "Bàbá Tólú, ẹ wo àwọ̀ yìí." Ọ́ìlì gíà tó dára máa ń pupa, ó máa ń mọ́ gaara. Tiwa dà bí ìgbà tí èèyàn da mílíìkì sínú sóbò. Bàbá ní, "Omi ló wọ gíà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ wo radiétọ̀."

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Gíà ọ́tò máa ń gbóná, nítorí náà páìpù méjì ló ń gbé ọ́ìlì rẹ̀ lọ sínú radiétọ̀ kó lọ tutù, kó sì padà. Nínú radiétọ̀ yẹn, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan péré ló wà láàárín ọ́ìlì gíà àti omi ẹ́ńjìnnì. Bí irin náà bá lu, omi àti ọ́ìlì á pàdé. Pílétì inú gíà ní ohun kan lójú tó fi ń di ara mú, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Omi àti coolant máa ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù yẹn tú. Pílétì tí ojú rẹ̀ bá ti ṣí kúrò kò lè di ohunkóhun mú mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní lọ. Ihò tiwa kéré nígbà tí a gbé tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ sí i, ìdí nìyẹn tó fi lo oṣù márùn-ún. Nígbà tó fi máa kan èkejì, ihò ti fẹ̀.

Omi kànga ló jẹ irin náà. Ọdún mẹ́ta la fi ń bu omi kànga sí radiétọ̀ dípò coolant, inú radiétọ̀ sì ti dípẹtà.

Ẹ wá wò ó. Mẹkáníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé gíà wọlé, tí wọ́n so páìpù rẹ̀ padà mọ́ radiétọ̀ kan náà tó pa ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ó ṣeé ṣe kí gíà méjèèjì dára lọ́jọ́ tí a rà wọ́n. Mo padà sí Gate lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí mo ti bú.

Ohun tó ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ lójú mi nìyí. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, gíà tó kú máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àjákù irin láìsí ẹni tó ṣí i wò, ohun tó pa á sì bá a lọ. Bí wọ́n bá tú u, gbogbo rẹ̀ máa wà lórí tábìlì níwájú yín. Pílétì tó dúdú, tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ooru tàbí ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ ló pa á. Pílétì tí ojú rẹ̀ ṣí, tí ọ́ìlì rẹ̀ funfun, omi ni. Bí ẹ bá rí wóró irin tó ń dán nínú páànù ọ́ìlì, béárìn tàbí eyín gíà ló fọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí èèyàn ń lọ tún ṣe kí òmíràn má baà kú. Bàbá yẹn kó pílétì wa sínú ọ̀rá, ó ní kí n gbé e lọ sílé. Mo tọ́jú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ náà lẹ máa rà, ẹ lè ṣe àyẹ̀wò yìí kí wọ́n tó sọ ti àtijọ́ kalẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ọ́ìlì rẹ̀ sínú ike funfun, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bó bá funfun, ẹ ra radiétọ̀ kí ẹ tó ra gíà. Kí wọ́n fọ páìpù méjèèjì, torí ìdọ̀tí gíà tó kú máa ń dúró sínú wọn. Kí ẹ sì gba converter tó bá gíà wá (ìkòkò irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà), ti àtijọ́ ti kún fún ẹ̀gbin.

Gárántì

Ọjọ́ méje fún tòkunbọ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ ni, wọn ò ní dá owó padà. Bí ẹ bá ti ṣí i, gárántì ti tán. Bàbá Mọ́níyà fún wa ní oṣù mẹ́ta, ó ní bí ó bá yọnu, òun ò ní gba owó iṣẹ́.

Ìbáramu

Tòkunbọ̀ nìkan ló ní wàhálà yìí: gíà tí ẹ rà lè má bá ẹ́ńjìnnì yín mu. Ẹ gbé Toyota Sienna yẹ̀ wò: ẹ́ńjìnnì 3.0 ló wà nínú ti 1998 sí 2003, 3.3 nínú ti 2004 sí 2006, 3.5 nínú ti 2007 sí 2010. Bí ẹni tó ń tà bá ní "ó máa wọlé, ẹ fọkàn balẹ̀," ẹ má gbà. Ẹ mú ọdún ọkọ̀ àti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì dání lọ sọ́jà.

Ọ́ìlì

Ọ̀kan náà ni fún ọ̀nà méjèèjì: ẹ má da oríṣi méjì pọ̀. Toyota ní T-IV àti WS, Honda lo Z1 kó tó di DW-1, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Chrysler àti Dodge àtijọ́ ń lo ATF+4. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó ní géèjì gíà, wọ́n kọ orúkọ ọ́ìlì rẹ̀ sára géèjì náà.

Ẹni tó máa ṣe é

Ibi tí títú ṣe ti lè dójú tini nìyí. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló mọ gíà ọ́tò tú, ẹni tó bá sì tò ó lódì ti ba gbogbo pílétì tuntun yẹn jẹ́. Ẹ béèrè gíà tó tú kẹ́yìn àti ẹni tó ni ọkọ̀ náà, kí ẹ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé ibi tó ń tú u sí mọ́, torí iyanrìn díẹ̀ ti tó láti dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì inú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń tú u. Bàbá tiwa gbé àga fún mi.

Ẹ̀yin tó ní Honda Odyssey àtijọ́, ẹ ṣọ́ra ní ọ̀nà méjèèjì. Orí ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni eyín gíà Honda wà, kò rí bí ti àwọn yòókù, ẹni tó mọ Toyota tò lè má mọ̀ ọ́n tò. Ní ọdún 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí ooru tó ń ba eyín gíà kejì (second gear) jẹ́, Odyssey 2002 sí 2004 sì wà lára wọn. Bó bá jẹ́ gíà ọkọ̀ ìgbà yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún yín ní Gate, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi tú ọkọ̀ tó ti jáde tà.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, tí kò lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ra tòkunbọ̀. Bí ilé gíà fúnra rẹ̀ bá ti là, tòkunbọ̀ náà ni. Bí ẹ kò bá sì rí ẹni tó gbà kí ẹ dúró ti òun nígbà tó bá ń tú u, tòkunbọ̀ sàn fún yín jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lo ọkọ̀ náà fún ọdún mélòó kan sí i, tí àwọn ọmọ yín ló ń gbé kiri, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u lójú yín, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó pa á.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ògèrè, ìyá mi kò wọ ọkọ̀ náà kọjá Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ọdún Àjíǹde 2024 ló tó gbà pé ká jọ lọ sí Èkó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó wọ ọkọ̀, mo fa géèjì gíà yọ, mo nù ún sórí bébà funfun, mo gbé e fún un. Ó wò ó dáadáa. Ó pupa. Ó ní kí n ṣílẹ̀kùn.